Aráàlú Ti Ní Rárá, Ìjọba Tún Ní Kí Wọ́n Padà Wá Dìbò

Ẹ̀sùn náà kò lọ́jú pọ̀. Ìjọba ní kí aráàlú jáde wá sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Aráàlú jáde, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Kò pẹ́, kò jìnnà, ìjọba tún kàn sí wọn pé kí wọ́n padà wá dìbò lórí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà. Bí wọ́n bá wá ní bẹ́ẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, ó tán, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n mọ́. Àwọn tó ta ko àṣà yìí ní Yúróòpù máa ń sọ pé ìbò tí wọ́n ń dì títí èsì yóò fi tẹ́ ìjọba lọ́rùn kì í ṣe ìbò, àṣẹ ìjọba ni wọ́n kàn da aṣọ ìbò bò. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní èsì tiwọn: ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu lónìí, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tún èrò rẹ̀ pa lọ́la, kò sì sí ìran tó lè fi ìbò tirẹ̀ de ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́lẹ̀.

Rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù ni à ń sọ, ìyẹn ìbò tí wọn kì í fi yan ẹnikẹ́ni sípò, tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni olùdìbò ń sọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìbò gómìnà tàbí ti ààrẹ ní ọjọ́ tí yóò tún padà wáyé. Ẹni tó fìdí rẹmi lónìí lè tún gbìyànjú lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù kò nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló láṣẹ láti sọ pé àsìkò tó láti tún bi aráàlú? Níbi tó pọ̀ jù, ìjọba ni, ìjọba kì í sì í ṣe ẹni tí kò níbi tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já sí.

Dẹ́ńmáàkì ni àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú wá. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 1992 ni wọ́n dìbò níbẹ̀ lórí ìwé àdéhùn Maastricht, èyí tó bí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tí a mọ̀ sí EU lónìí. Ìdá 50.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló ní àwọn ò gbà. Iye ìbò tí àwọn tó kọ̀ fi ju àwọn tó gbà lọ kò tó 50,000. Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè méjìlá ló wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn, bí ẹyọ kan bá sì kọ̀, ìwé àdéhùn náà kò lè múlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Dẹ́ńmáàkì na Jámánì ní 2-0 nílùú Göteborg, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù. Ilẹ̀ kékeré dá gbogbo Yúróòpù dúró, ó tún gba ife wọn. Ẹ fojú inú wo bí orí wọn ṣe wú tó.

Ibi tí àwọn alátakò kì í sábà dé nínú ìtàn náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tún dìbò. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú jókòó lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n kọ àwọn ohun tí Dẹ́ńmáàkì kò ní bá wọn dá sí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Socialist People's Party, tó polongo fún rárá lóṣù Kẹfà, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Nígbà ìpàdé Edinburgh lóṣù Kejìlá, àwọn olórí Yúróòpù yòókù gbà fún wọn: Dẹ́ńmáàkì kò ní lo owó àjọ náà, kò ní bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ààbò àti ogun, kò ní gbé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ àti ọlọ́pàá lé wọn lọ́wọ́, ọmọ Yúróòpù tí wọ́n ń pe àwọn aráàlú kò sì ní rọ́pò ọmọ Dẹ́ńmáàkì tí wọ́n jẹ́. Ẹgbẹ́ tó polongo fún rárá wá polongo fún bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1993, 56.7% gbà.

Bí ẹ bá wo ìyẹn dáadáa, rárá àkọ́kọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà máa ń ṣe lọ́jà nígbà tó bá ní òun ò rà, tó sì kẹ̀yìn sí ìsọ̀: ọlọ́jà tó bá fẹ́ tà yóò pè é padà, yóò sì dín owó rẹ̀. Mi ò rí ohun tó lòdì sí ìfẹ́ aráàlú nínú ìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ tí èsì kejì jáde, àwọn ọ̀dọ́ tó fàáké kọ́rí dí òpópónà ní àdúgbò Nørrebro nílùú Copenhagen, wọ́n ní àdúgbò náà kò sí lábẹ́ Yúróòpù mọ́. Òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, ọta 113 ni wọ́n kà níkẹyìn, èèyàn mọ́kànlá ló fara gbọgbẹ́. Ní ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ti máa ń rò pé kò sí ìjà òṣèlú, ìbọn dún nítorí ìbò tí wọ́n dì lẹ́ẹ̀mejì.

Áyálàǹdì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le jù, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é níbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ. Láti ìgbà tí Raymond Crotty, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ tó sì jàre lọ́dún 1987, ìjọba ilẹ̀ náà kò lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Yúróòpù tó bá gba lára agbára orílẹ̀-èdè wọn àfi kí aráàlú dìbò sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ilé aṣòfin ń bá àwọn ilẹ̀ yòókù gba àdéhùn Nice wọlé ní pẹ̀lẹ́tù, àwọn ará Áyálàǹdì ní láti lọ sí ibùdó ìdìbò. Lóṣù Kẹfà ọdún 2001, wọ́n kọ̀ ọ́. Ìdá 34.8 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lórúkọ nínú ìwé ìdìbò ló jáde. Èèyàn 529,478 ló ní rárá, 453,461 ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìjọba Bertie Ahern, olórí ìjọba Áyálàǹdì nígbà náà, kò bínú kúrò níbẹ̀. Wọ́n dá àpérò kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yúróòpù, tí àwọn tó gbà àti àwọn tó kọ̀ ti ń jókòó pọ̀ kárí orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ àwọn olórí Yúróòpù nílùú Seville pé ẹnikẹ́ni ò ní fi dandan mú Áyálàǹdì wọ ẹgbẹ́ ogun. Wọ́n tún fi gbólóhùn kan kún àtúnṣe ìwé òfin tí aráàlú yóò dìbò lé lórí, pé ìjọba kò gbọdọ̀ wọ ètò ààbò àpapọ̀ Yúróòpù. Ìbò tún wáyé lóṣù Kẹwàá ọdún 2002. Èèyàn 906,317 ló gbà á. Àwọn tó kọ̀ ńkọ́? 534,887.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iye náà wò. Ìbò rárá kò dín. Ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé díẹ̀ pọ̀ sí i. Ìbò bẹ́ẹ̀ ni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, torí àwọn tó jókòó sílé lọ́dún 2001 ló jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé wọ́n fipá yí àwọn tó kọ̀ lọ́kàn padà kò wo ìwé èsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí kò ka ìbò àkọ́kọ́ sí nǹkan kan rí i pé ó ní ohun tó lè bà jẹ́, wọ́n sì dìde. Ṣé ó wá yẹ kí wọ́n fún ẹni tó sùn lọ́jọ́ ìbò láǹfààní kejì? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí òfin kò bá ti sọ ṣáájú pé iye kan pàtó gbọ́dọ̀ jáde kí èsì tó lè dúró, ẹni tó jókòó sílé ti gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún àwọn tó jáde, ìyẹn sì ti parí. Ohun tó jẹ́ kí àdéhùn Nice rí àtúndì gbà lọ́wọ́ mi ni gbólóhùn tí wọ́n fi kún ìwé òfin. Iye èèyàn tó jáde kọ́.

Àdéhùn Lisbon ló ṣòro gbà. Lóṣù Kẹfà ọdún 2008, 53.4% kọ ìwé àdéhùn yẹn, àwọn tó jáde sì lé ní ìdajì gbogbo olùdìbò, ẹnikẹ́ni ò lè fi ọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó sílé wíjọ́. Ìwé náà kò ṣeé kà. Charlie McCreevy, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà Áyálàǹdì ní Yúróòpù nígbà náà, sọ ní gbangba pé òun alára ò kà á tán, àti pé ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní jókòó kà á. Ìṣòro ńlá nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ kí aráàlú fọwọ́ sí nǹkan. Nígbà tí àwọn olùwádìí béèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi kọ̀ ọ́, èsì tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò yé àwọn.

Láàárín ìgbà yẹn sí oṣù Kẹwàá ọdún 2009, Yúróòpù ṣèlérí fún Áyálàǹdì pé kò ní pàdánù kọmíṣọ́nnà rẹ̀, àti pé ìwé náà kò ní fọwọ́ kan owó orí wọn, òfin wọn lórí oyún ṣíṣẹ́, àti ìpinnu wọn láti má wọ ẹgbẹ́ ogun. Àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yí padà nínú ìwé àdéhùn náà fúnra rẹ̀. Ohun tó yí padà ni ìlú. Àwọn báńkì ti dojú dé, ìjọba ti fi owó aráàlú dúró fún gbèsè wọn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Lábẹ́ ìbẹ̀rù pé Yúróòpù lè pa wọ́n tì ni 67.1% fi sọ pé àwọn gbà. Mi ò sọ pé èsì náà kì í ṣe tiwọn. Mo ń sọ pé bí wọ́n bá tún bi èèyàn ní ìbéèrè nígbà tí ebi ń pa á, kí ẹni tó béèrè má fi ìdáhùn náà yangàn.

Ohun kan ló wá ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ Áyálàǹdì. Ká ní èsì ọdún 2001 jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìdá 34.8 tó jáde yẹn náà, ṣé ìjọba yóò sọ pé àwọn tó dìbò kéré jù, kí gbogbo wa padà wá? Kò sẹ́ni tó máa gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ilẹ̀kùn àtúndì yìí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti ń ṣí. Àwọn tó kọ̀ gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó gbà kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Síbẹ̀, ká má parọ́ mọ́ àwọn ìjọba Yúróòpù. Nígbà tí Dẹ́ńmáàkì dìbò lọ́dún 2000 pé àwọn ò fẹ́ owó euro, ìbò náà dúró. Owó krone ni wọ́n ṣì ń ná. Swídìn kọ euro lọ́dún 2003, ẹnikẹ́ni ò tún bi wọ́n. Nọ́wè kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 1972. Ó di ọdún 1994 kí wọ́n tó tún bi wọ́n, wọ́n tún kọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀? Níbi tí rárá ilẹ̀ kan kò ti dí ẹlòmíì lọ́wọ́, wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Níbi tí rárá tirẹ̀ bá ti so gbogbo ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀, àtúndì máa ń dé. Ilẹ̀ tó kù lè sọ pé àwọn náà ní aráàlú, pé kò yẹ kí àwọn èèyàn mílíọ̀nù mẹ́rin Áyálàǹdì máa dá ìfẹ́ tiwọn dúró. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀, ara òfin tó ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gbà ló wà, ìbò kọ́ ló fà á.

Ohun tó sì burú ju àtúndì lọ wà. Lọ́dún 2005, 55% ní Faransé àti ohun tó lé ní 61% ní Nẹ́dálándì kọ ìwé òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Yúróòpù. Ẹnikẹ́ni ò tún bi wọ́n. Wọ́n kó ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ìwé Lisbon, wọ́n sì gbé e gba ilé aṣòfin lọ ní ilẹ̀ méjèèjì. Ní Gíríìsì, oṣù Keje ọdún 2015, ìdá 61.3 kọ àwọn àṣẹ tí àwọn olówó gbèsè fẹ́ fi dè wọ́n. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí olórí ìjọba wọn, Alexis Tsipras, fọwọ́ sí èyí tó tún le. Kòlóḿbíà kọ àdéhùn àlàáfíà pẹ̀lú àwọn ọlọ̀tẹ̀ FARC lọ́dún 2016, ìyàtọ̀ kò tó 54,000 ìbò. Wọ́n tún ìwé náà ṣe, àmọ́ àwọn aṣòfin ló gbà á wọlé. Mo lè lóye ti Kòlóḿbíà, torí ẹ̀mí ń lọ. Ti Gíríìsì, ẹ má bi mí. Ẹni tí wọ́n bá padà wá bi lẹ́ẹ̀kejì, ó kéré tán, ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àtúndì kan tún wà tí kò sẹ́ni tó ń ráhùn nípa wọn. Ọdún 1959 ni àwọn ọkùnrin Swítsàlandì dìbò pé obìnrin kò gbọdọ̀ dìbò, ìdá 66.9 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n tún bi wọ́n, ìdá 65.7 sì gbà. Ta ló máa jáde sọ lónìí pé èsì ọdún 1959 ni ìfẹ́ aráàlú, pé kò yẹ kí wọ́n tún bi wọ́n? Ìdajì aráàlú ò tilẹ̀ sí nínú ìbò náà. Áyálàǹdì kan náà kọ òfin ìkọ̀sílẹ̀ lọ́dún 1986 pẹ̀lú ìdá 63.5. Lọ́dún 1995, wọ́n tún bi wọ́n, ó wọlé. Ìbò 9,114 ló fi wọlé, nínú ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé àkókò tó pọ̀ ti kọjá nínú irú èyí, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ọdún mẹ́sàn-án ló sọ ọ́ di mímọ́.  Àwọn tó fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ, wọ́n tún òfin lórí ọmọ, ilé àti ogún ṣe kí wọ́n tó padà dé, torí ẹ̀rù ohun ìní ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ obìnrin kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ẹni tó bá tún béèrè ló máa ń borí. Ẹgbẹ́ Fianna Fáil ní Áyálàǹdì fẹ́ pa ọ̀nà tí wọ́n fi ń pín ipò aṣòfin fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ́, torí ẹgbẹ́ ńlá ni yóò jàǹfààní bí wọ́n bá yí i padà. Wọ́n bi aráàlú lọ́dún 1959, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n yan Éamon de Valera, àgbà ẹgbẹ́ náà, sípò ààrẹ. Aráàlú dìbò fún bàbá, wọ́n kọ òfin rẹ̀, 51.8% ló kọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ náà tún padà dé lọ́dún 1968. 60.8% lé wọn dànù. Wọn ò tún dán an wò mọ́.

Irú àtúndì kan tún wà tó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló pa á láṣẹ. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn ará Swítsàlandì kọ àbá kan lórí owó orí tọkọtaya, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Ìjọba ti kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé tí wọ́n pín sílé-sílé pé 80,000 tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tó yá, wọ́n ní iye náà lé ní 450,000. Ilé ẹjọ́ àpapọ̀ wọn wọ́gi lé ìbò náà lọ́dún 2019, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ sí ìbò tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà dì. Níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn: ẹni tí wọ́n fi irọ́ gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì dìbò.

Ìlànà yẹn ló mú mi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbò ọdún 2016 lórí kíkúrò nínú EU kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London àti Manchester ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ, torí òfin gba ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbẹ̀ láyè láti dìbò. Ọmọ Ìbàdàn tó dé pẹ̀lú físà lè sọ bóyá kí Bìrìtéènì kúrò tàbí kó dúró. Ọmọ Faransé tó ti ń gbé níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún kò lè sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbé ayé tirẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ìdá 51.9 ní kí wọ́n kúrò, 48.1 ní kí wọ́n dúró.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tó ń béèrè fún àtúndì gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ìbuwọ́lù. Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kúrò. Ó kọ ọ́ ṣáájú ìbò, nígbà tó rò pé ẹgbẹ́ òun ló máa fìdí rẹmi. Nigel Farage, òléwájú àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kúrò, náà ti sọ fún oníwèé ìròyìn lóṣù Karùn-ún pé bí èsì bá jẹ́ 52 sí 48 fún àwọn tó fẹ́ dúró, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. 52 sí 48 náà ló jẹ́, ó kàn dojú kọ ibòmíràn ni, ó sì di pé ọ̀rọ̀ ti parí pátápátá. Ẹnu òṣèlú nìyẹn.

Kò sí irọ́ iye tí ilé ẹjọ́ lè fà yọ níbẹ̀ bíi ti Swítsàlandì. Àlébù tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tí wọ́n kọ nípa bí wọ́n ṣe máa kúrò. Nígbà tí Theresa May, olórí ìjọba, gbé àdéhùn tirẹ̀ dé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn aṣòfin kọ̀ ọ́. Ó ń sọ fún aráàlú pé a kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì, òun náà sì ń gbé ìwé kan náà padà síwájú ilé. Lóṣù Kẹta ọdún 2019, abẹnugan ilé náà, John Bercow, yọ òfin kan tó ti wà láti ọdún 1604, pé wọn ò gbọdọ̀ gbé àbá kan náà wá síwájú ilé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìjókòó kan bí kò bá yí padà. Èmi ka òfin yẹn sí ọ̀kan nínú ohun tó gbọ́n jù tí ẹnikẹ́ni ti kọ lórí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí: kò ní kí ẹ má béèrè mọ́ láé, ó ní kí ẹ má gbé e padà wá bó ṣe wà.

Àbá pé kí aráàlú dìbò sí àdéhùn náà wá síwájú àwọn aṣòfin lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin, ó fìdí rẹmi, 292 sí 280. Lójú tèmi, ìbò yẹn kì bá tí jẹ́ ìjíbò, torí àdéhùn tó wà lórí tábìlì lọ́dún 2019 kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni dìbò lé lórí lọ́dún 2016. Àmọ́ àwọn tó ń polongo fún un ṣe é bí ẹni pé ète wọn ni láti fagi lé èsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ fi í pa mọ́. Ìbò gbogbogbòò oṣù Kejìlá ọdún náà ló parí ọ̀rọ̀.

Ti òmìnira yàtọ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀, ẹni tó kọ̀ nìkan ni wọ́n lè tún bi. Quebec dìbò lọ́dún 1980, ìdá 59.6 kọ̀ láti kúrò ní Kánádà. Lọ́dún 1995, ìbò 54,288 péré ni wọ́n fi kọ̀ ọ́, àwọn tó jáde sì lé ní 93%. Bí ìbò náà bá ti yọrí sí bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ti lọ, ta ló máa pe wọ́n padà wá tún un dì? Ní New Caledonia tó wà lábẹ́ Faransé, àdéhùn ọdún 1998 ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbò lè wáyé títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo èèyàn mọ̀ ṣáájú, kò sẹ́ni tó lè pariwo. Ìdá 56.7 kọ òmìnira lọ́dún 2018, 53.3 kọ̀ ọ́ lọ́dún 2020. Fún ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn Kanak, ní kí wọ́n sún un síwájú torí òkú tí àrùn Kòrónà pa ni àwọn ṣì ń sin. Faransé kọ̀. Àwọn Kanak jókòó sílé lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìdá 96.5 nínú àwọn tó dìbò ní àwọn ò fẹ́ òmìnira, àwọn tó jáde ò sì tó ìdajì. Òfin wà, ìwé wà, iye wà, síbẹ̀ ìbò náà kò yanjú ohunkóhun. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, iná sọ ní Nouméa, olú-ìlú wọn.

Àwọn alágbára tún wà tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n ń béèrè fún. Hugo Chávez, ààrẹ Venezuela, fìdí rẹmi díẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2007 nígbà tó fẹ́ tún ìwé òfin ilẹ̀ náà ṣe. Ìwé òfin náà sì ní wọn kò gbọdọ̀ gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá mọ́ láàárín sáà kan náà. Ó pa orúkọ rẹ̀ dà, ó gbé apá tó ní kí ààrẹ lè máa díje láìlópin wá lóṣù Kejì ọdún 2009, ó sì wọlé. Ti ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún àgbéyẹ̀wò púpọ̀.

Àwa náà nìyí, a ní àtúndì tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Mambilla, Mubi, Gwoza, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àríwá Kamẹrúùnù nígbà kan, tó wà lábẹ́ Bìrìtéènì, inú Nàìjíríà ni wọ́n wà lónìí nítorí ìbò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lóṣù Kọkànlá ọdún 1959, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ bá Àríwá Nàìjíríà lọ, tàbí kí wọ́n ṣì dúró ná. Ìbò 42,788 ní àwọn á bá Nàìjíríà lọ, 70,546 ní kí wọ́n ṣì dúró. Ohun tó bí wọn nínú ni àkóso tí wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ láti Yola. Wọ́n tún àkóso ìbílẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Nígbà tí ìbò kejì dé lóṣù Kejì ọdún 1961, Nàìjíríà tàbí Kamẹrúùnù ni wọ́n ní kí wọ́n mú, kò sí "ẹ dúró ná" mọ́. Àwọn obìnrin, tí kò dìbò lọ́dún 1959, dìbò lọ́tẹ̀ yìí. Nǹkan bí ìdá 60 yan Nàìjíríà. Kamẹrúùnù gbé Bìrìtéènì lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé; ilé ẹjọ́ náà ní òun ò lè dá a mọ́ lọ́dún 1963, torí ilẹ̀ ti di ti Nàìjíríà. Àwọn olùdìbò pọ̀ sí i, àkóso tó ń bí wọn nínú yí padà. Mo fún ìbò kejì yẹn ní ìdí tó tó. Ọ̀nà àtidúró tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ nìkan ni mi ò fara mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwọn tó ń béèrè fún rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù nílé wa, ì báà jẹ́ lórí àtúntò Nàìjíríà tàbí lórí pé kí Yorùbá dá dúró, ni èyí. Ìwé òfin ọdún 1999 kò ní ọ̀nà kankan tí gbogbo orílẹ̀-èdè lè fi dìbò lórí ọ̀rọ̀ kan. Orí dídá ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ àti pípe aṣòfin padà nìkan ni rẹfẹrẹ́ńdọ̀ọ̀mù ti jẹ yọ. Bí ẹ bá ń kọ àbá, ẹ kọ ti àtúndì mọ́ ọn. Òfin Àríwá Áyálàǹdì ti ọdún 1998 sọ pé ọdún méje gbọ́dọ̀ wà láàárín ìbò kan àti èkejì lórí bóyá kí wọ́n kúrò lábẹ́ Bìrìtéènì. Ẹ kọ iye ọdún tiyín sílẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó lè pè é, kó má jẹ́ ìjọba nìkan. Ẹ kọ ọ́ pé ohun kan gbọ́dọ̀ ti yí padà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹ sì kọ ọ́ pé ẹni tó borí pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà tún bi òun náà. Àkókò tí ẹ ò tíì mọ ẹni tó máa borí ni kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀.